Ilẹ̀ Tí A Fi Ewé Bò

Ẹni tó mọ ọgbà ẹ̀yìnkùlé í dá kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Àárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbin ẹ̀gúsí sí, kí ìtàkùn rẹ̀ lè fà bo ilẹ̀, kí èpò má ríbi hù. Ìdí ata àti tòmátì ló sì ń kó koríko gbígbẹ sí. Mo ka èyí sí ọgbọ́n gidi, nítorí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ kì í tètè fa omi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ, òjò líle kì í wọ́ ọ lọ, bí ewé náà bá sì jẹrà tán, oúnjẹ ló dà fún irúgbìn. Àwọn kan á ní ibùba ìgbín àti ikán ni. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí koríko kan ìdí igi ata, kí ọ̀rinrin má bàa mú un rà, a sì máa ṣa ìgbín ní ìdájí (ìgbín ńlá kúkú ṣeé sè). Ti ikán ló le díẹ̀: níbi tó bá pọ̀ sí, ìtàkùn ẹ̀gúsí tútù ló yẹ kó bo ilẹ̀, kì í ṣe koríko gbígbẹ. Nítorí náà, ẹ yé sun ewé tí ẹ bá gbá lágbàlá. Ẹ kó o síbi tí ata wà.