Ìdádúró ni Tàbí Àyédèrú? Àyẹ̀wò Àfiwé Nínú Ẹjọ́ Comcast àti FCC

Ìfáàrà

Inú ewì àti ọ̀rọ̀ geere ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ti sábà máa ń bá àfiwé pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń fi í sí gẹ́gẹ́ bí ẹwà èdè. Ṣùgbọ́n ibi tí àfiwé ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó lágbára jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣókùnkùn sí ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lè rí inú ẹ̀rọ, àfiwé tí a bá fún un ni yóò fi ṣe ojú. Irú ìlò yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ kan tí ó wáyé ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 2007 sí 2010, lórí bí iléeṣẹ́ Comcast ṣe fi sọ́fítíwíà ṣàkóso ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Comcast ní àfiwé tirẹ̀. Alága FCC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí ó kan onímọ̀ èdè ni èwo nínú wọn ni ó bá ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe mu.

Ohun tí Ẹ̀rọ Náà Ń Ṣe

Wáyà tí ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé ni Comcast tún fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò kan ni ó jọ ń lo ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ẹrù ń gbà jáde láti inú ilé sì há ju èyí tí ó ń gbà wọlé lọ. Ọ̀nà tóóró yìí gan-an ni ìlànà BitTorrent gbé ẹrù lé. Dípò kí ènìyàn gba fáìlì ńlá láti ọwọ́ ẹnì kan, àwọn tí ń gbà á ni ó ń pín ègé rẹ̀ fún ara wọn, tí ẹni tí ó ti rí tirẹ̀ gbà sì tún ń fún ẹlòmíràn. Ìṣòro náà wà lóòótọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ìyà lásán ni Comcast fẹ́ fi jẹ oníbàárà kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Comcast lo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Sandvine ti orílẹ̀-èdè Kánádà. Sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ náà ń yẹ ẹrù tí ń kọjá wò, ó ń dá ti BitTorrent mọ̀ láàrin àwọn yòókù, nígbà tí iye ìsopọ̀ tí ń kó fáìlì jáde ní agbègbè kan bá sì ti kọjá òdiwọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn. Bí ó ṣe ń já wọn gba àfiyèsí. Kọ̀ǹpútà méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìlànà TCP ní àmì kan tí ń jẹ́ RST, èyí tí ọ̀kan fi ń sọ fún èkejì pé ọ̀rọ̀ ti tán láàrin wọn. Ẹ̀rọ Sandvine kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, òun ni ó ń kọ RST, tí ó ń fi àdírẹ́sì ẹnì kìíní sórí rẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà á yóò gbà pé ẹnìkejì òun ni ó sọ̀rọ̀.

Robb Topolski, onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni ó tú àṣírí yìí ní ọdún 2007, nígbà tí kò rí àwọn orin àtijọ́ olóhùn mẹ́rin tí ó fẹ́ràn pín fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi Bíbélì King James dán an wò. Ìyẹn náà ṣòro láti gbà kọjá. Ọgbọ́n wà nínú yíyàn yẹn: ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí yóò pe ẹni tí ń pín Bíbélì náà ní olè.

Àfiwé Tẹlifóònù

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, Comcast sọ pé òun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Nígbà tí ẹ̀rí pọ̀, wọ́n ní lóòótọ́ ni àwọn ń dá ẹrù kan dúró díẹ̀. Àfiwé tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni ti tẹlifóònù: ẹni tí ó pe ènìyàn tí ó bá a lórí ìpè mìíràn yóò tún un pè títí yóò fi wọlé.

Àfiwé yìí rọrùn láti gbà, nítorí kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ṣùgbọ́n nínú ìpè tí kò wọlé, òótọ́ ni pé ọwọ́ ẹni tí a ń pè dí. Ohùn tí ń dún létí ẹni tí ń pè sì jẹ́ ti iléeṣẹ́ tẹlifóònù, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́ bí ohùn ẹni tí ó pè. Nínú ọ̀ràn RST, ìpè ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti ń lọ, kí ẹlòmíràn tó fi ohùn ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "dá dúró" náà kò ṣe é gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a dá dúró ṣì wà lójú ọ̀nà; lẹ́yìn RST, kò sí ohun tí ó kù lójú ọ̀nà. Ìwádìí FCC sì fi hàn pé ètò náà ń ṣiṣẹ́ ní àsìkò tí ojú ọ̀nà kò kún pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a gbà fún Comcast pé okùn kan tí ó já kì í sábà pa BitTorrent. Ègé tí kò wá láti ilé kan lè wá láti ilé mìíràn, ẹni tí ń gba fáìlì tí ó gbajúmọ̀ sì lè má fura rárá. Ti fáìlì tí ó ṣọ̀wọ́n ni ó yàtọ̀. Irú orin tí Topolski ní, àwọn tí ó ní in kò pọ̀; bí wọ́n bá ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, orin náà kò dé ibì kankan.

Àfiwé Lẹ́tà, àti Àrokò

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2008, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ FCC dìbò, mẹ́ta sí méjì, pé ohun tí Comcast ṣe kò tọ́. Kevin Martin, alága wọn, béèrè bóyá ó dára kí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tú lẹ́tà ènìyàn wò, kí wọ́n pinnu pé àwọn kò ní í fi jíṣẹ́, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ "a kò mọ àdírẹ́sì yìí" lù ú padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Àfiwé yìí ta ti tẹlifóònù yọ, nítorí ó fi ẹni tí ń pa nǹkan mọ́ hàn. Síbẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ náà, ti iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ mọ ibi tí yóò lọ bínú sí. RST kò gbé òǹtẹ̀ Comcast. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀rẹ́ ẹni ni ó gbé.

Àrokò Yorùbá bá a mu ju méjèèjì lọ. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ìdojúkọra ń sọ ti ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so wọ́n ní ìkẹ̀yìnsíra, ìjà ni. Ká ní ìránṣẹ́ kan gba èyí tí ó dojú kọra lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an, tí ó tú u lójú ọ̀nà, tí ó tún un so ní ìkẹ̀yìnsíra, tí ó sì fi í jíṣẹ́ ní orúkọ ẹni tí ó rán an. Ohun tí sọ́fítíwíà náà ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan lè fi òwe já èyí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àbí òwe náà kò fún ìránṣẹ́ láyè láti lo ọgbọ́n? Ó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìjíṣẹ́ ni òwe náà fi lé e lọ́wọ́, láti tún iṣẹ́ náà ṣe kí ó lè dára fún ẹni tí ó rán an. Kò fún un láṣẹ láti gbé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an dé ilé onílé.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ

Àfiwé kan tún wà tí ó ti di ara èdè débi pé kò sí ẹni tí ń kà á sí àfiwé mọ́: ti ọkọ̀ lójú títì. Òun gan-an ni Comcast ìbá ti dì mú. Yẹ́lò fívà tí ó dúró ní oríta ń dá ọkọ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti ń na ọwọ́, kì í sì í wọ aṣọ awakọ̀ láti sọ fún èrò pé ọkọ̀ kò lọ mọ́. Ètò tí Comcast fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2008 sún mọ́ èyí. Bí ojú ọ̀nà àdúgbò kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹni tí ó bá ń lo ju ìdá 70 nínú 100 ohun tí ó sanwó fún ní àkókò náà ni ẹrù rẹ̀ yóò yà fún ti àwọn yòókù, ìbáà jẹ́ BitTorrent tàbí fídíò ni ó ń lò. Wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde ní oṣù Kejìlá 2010 gẹ́gẹ́ bí RFC 6057. Nínú rẹ̀, òǹkà ni ó pọ̀, kò sí tẹlifóònù tí ọwọ́ ẹni dí lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington dá Comcast láre. Àwọn kan ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí bí ẹni pé ó wẹ RST mọ́. Bí FCC bá ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọ́n sì rí i pé kò fi ẹ̀rí àṣẹ náà múlẹ̀ lábẹ́ òfin. Tẹlifóònù ni o, lẹ́tà ni o, wọn kò gbé èyíkéyìí lé orí ìwọ̀n.