Nígbà Tí Idán Wọ Gbọ̀ngàn Ijó

Nígbà tí àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kí Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe ìjọba mọ́ ní 1811, wọ́n fi àrẹ̀mọ rẹ̀ ṣe adelé. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò nípò náà kí bàbá rẹ̀ tó wàjà ní 1820. Ìgbà kúkúrú yìí ni Jane Austen tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde, ìgbà náà ni Georgette Heyer sì padà lọ bá nínú ìwé rẹ̀, Regency Buck, ní 1935. Láti ìgbà Heyer ni ìtàn ìfẹ́ ayé adelé ti di ọjà tó ń tà wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé kan wá mú oṣó, iwin àti dírágónì wọ inú rẹ̀.

Kì í ṣe àjèjì ni wọ́n mú wọlé. Ní 1815, òkè Tambora bú gbàmù ní Indonéṣíà, eérú rẹ̀ sì mú kí ojú ọjọ́ bàjẹ́ ní Yúróòpù lọ́dún kejì. Òjò há akéwì Lord Byron àti àwọn àlejò rẹ̀ mọ́lé lẹ́bàá adágún Geneva, ló bá ní kí kálukú kọ ìtàn abàmì kan. Ibẹ̀ ni Mary Shelley ti bẹ̀rẹ̀ Frankenstein. Ibẹ̀ náà ni The Vampyre ti ṣẹ̀ wá, èyí tí John Polidori, dókítà Byron, kọ. Ta ni amùjẹ̀ inú ìwé yẹn? Ìjòyè ọlọ́lá ni, tó ń bá àwọn èèyàn ńlá London ṣe fàájì.

Ayé àwọn èèyàn ńlá yẹn lófin. Obìnrin kì í bá ọkùnrin kan náà jó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lálẹ́ kan, kí ẹnu má baà kùn ún. Ní Almack's, gbọ̀ngàn ijó tó lókìkí jù ní London, bí èèyàn lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí àwọn ìyá ọlọ́lá tó ń darí ibẹ̀ kò bá fún un níwèé ìwọlé, ìta ni yóò wà. Ohun tó dùn mọ́ ẹni tó ń kọ àròkọ yìí jù, tí òun náà ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ni pé idán kò gbọdọ̀ já okùn òfin wọ̀nyí. Ńṣe ló yẹ kó tún fà á le.

Ẹ wo Shades of Milk and Honey, tí Mary Robinette Kowal kọ ní 2010. Idán ibẹ̀ wà lára ohun tí ọmọbìnrin ilé ire ń kọ́, pẹ̀lú dùùrù àti àwòrán yíyà, kí ọkọ lè rí i fẹ́. Jane Ellsworth mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló lẹ́wà. Bí èèyàn bá sì ṣe idán yìí kọjá agbára rẹ̀, yóò dákú. Kowal kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé Austen jọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí Austen kò lò. Yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wà nígbà náà.

Susanna Clarke gba ọ̀nà mìíràn ní 2004: nínú Jonathan Strange & Mr Norrell, ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò gbà kọjá ni Wellington, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi oṣó là.

Nínú Sorcerer to the Crown (2015), Zen Cho fi Zacharias Wythe, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ṣe olórí àwọn oṣó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbára rẹ̀ kò pa ẹnu àwọn tó kórìíra àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ayé adelé yẹn, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1807 ti fòpin sí òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ẹrú ṣì wà ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ irú ìwé yìí wò, ọwọ́ Kowal ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìjà ipò àti àwọ̀ ló ń fẹ́, kó kọ́kọ́ mú ti Cho.