Rìsíìtì Kékeré, Ìtàn Ńlá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé àti ti ìjọba ni kíkó ìwé àtijọ́ jọ, pé oníṣòwò tó bá ń ra bébà ogbó ní ọjà Kútọ̀, Abẹ́òkúta, kàn ń fowó ṣòfò ni. Èmi tí mo ń tajà, tí mo sì ń kó ìwé jọ, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣòwò ló mọ̀ pé rìsíìtì kékeré lè parí ẹjọ́ ńlá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn Ẹ̀gbá ṣaláìní jù: rìsíìtì owó-orí, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé gbèsè, ìwé ètò ìsìnkú, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí títí wọn yóò fi fi pọ́n ẹ̀pà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó-orí àwọn obìnrin. Ní 1918 ni obìnrin Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn lọ́tọ̀. Nígbà náà, ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, ọkùnrin a dúró di 16. Bí wọ́n ṣe dìde tako owó-orí yìí títí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ibi méjì pàtàkì la ti lè kà á. Fáìlì àwọn òyìnbó aláṣẹ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, ohun tí ojú òyìnbó rí ló sì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ìwé tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣíwájú àwọn obìnrin náà, tọ́jú, tó wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ lára Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba nígbà tí wọ́n ń kọ ìtàn ìyá náà, tó jáde ní 1997. Ká ní ìyá náà ti dáná sun lẹ́tà rẹ̀ ni, ẹnu aláṣẹ nìkan la ò bá máa gbọ́. Àwọn ìyá ọjà yòókù wá ńkọ́? Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni tiwọn wà. Bí wọ́n bá kú, àwọn ọmọ a palẹ̀ yàrá mọ́, wọn a finá sí gbogbo rẹ̀. Kí iná tó dé ló yẹ kí ẹni tó ń ra ìwé ti dé.

Àwọn àgbà kan ń sọ pé oríkì àti arọ́kìn ló ń pa ìtàn mọ́ fún Yorùbá, kì í ṣe bébà. Òótọ́ ni, ẹnu àwọn arọ́kìn ni Samuel Johnson òpìtàn pàápàá ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tó kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé tó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó ní 1899 sọnù, tí òun náà sì kú ní 1901, àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù nílé ni Obadiah àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. Oríkì a máa yin akọni. Kì í sọ iye tí ẹlẹ́ja san fún akódà.

Àwọn mìíràn ní ká fi fóònù yà á, ká sọ bébà nù. Ó dára ká yà á, àmọ́ ẹni tó ń yà á sábà máa ń gbàgbé ẹ̀yìn ìwé, níbi tí oníwèé ti ń ṣírò gbèsè, ibẹ̀ sì ni adùn iṣẹ́ yìí wà fún mi. Ìtọ́jú rẹ̀ ní ọgbọ́n. Ká yọ pín-ìnnì, torí á dípẹtà. Ká má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Láminéètì tí gbogbo ayé ń sáré lọ ṣe ló burú jù, torí kò ṣeé ṣí mọ́. Ká gbé àpótí kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán, ká sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ agboolé tí ìwé ti wá. Ìwé tí a kò mọ orísun rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù.

Àríwísí tó wúwo jù ni pé ohun ìlú kò yẹ kó wà ní yàrá ẹnìkan. Òótọ́ ni: lẹ́tà tí Townsend, ajíhìnrere òyìnbó, kọ láti Abẹ́òkúta wà ní Birmingham nílùú òyìnbó, pẹ̀lú ìwé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS. Bí mo bá ti tèmi mọ́ àpótí ní Kútọ̀, ará Òkè-Ìlẹ̀wó ní ìlú kan náà kò sún mọ́ ọn ju ti Birmingham lọ. Nítorí náà, n kì í ra ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ ilé ìpamọ́ ìjọba, mo sì gbà pé olùkówèéjọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kà, kó sì kọ ilé-ìkàwé tí yóò jogún rẹ̀ sínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ọmọọba Yẹmísí Shyllon, ọmọ Ẹ̀gbá, kó púpọ̀ lára iṣẹ́ ọnà rẹ̀ fún Yunifásítì Pan-Atlantic, wọ́n sì ṣí ilé tí wọ́n kó wọn sí ní 2019. Rìsíìtì àwọn ìyá ọjà tọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí.