Ìmọ̀ Ìwọ̀ àti Ẹja Ẹ̀pìyà ní Odò Ọ̀ṣun

Iṣẹ́ ìwọ̀, ìyẹn ọgbọ́n fífi irin kékeré tí ó tẹ̀ kọ́rọ́ mú ẹja, jẹ́ ìmọ̀ tí ojú ń kọ́ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ní ìtòsí ìlú Ìkirè àti Àpòmù, ìsédò Aṣéjire, tí wọ́n parí ní 1972 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, ti sọ apá kan Odò Ọ̀ṣun di adágún tí omi rẹ̀ kì í ṣàn kíákíá, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pìyà sì fẹ́ràn, ẹja pẹlẹbẹ tí ẹ̀gún tò sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu ẹ̀pìyà kéré, nítorí náà ìwọ̀ ńlá tí a fi ń mú àrọ̀, ẹja tí ó máa ń jẹ̀ lóru, kò wúlò fún un. Ekòló tí a gé wẹ́wẹ́ tó fún ìjẹ. Òjé kékeré yóò fa okùn lọ sísàlẹ̀, igi fúyẹ́ tí ó léfòó yóò sì fi hàn pé ẹja ń tọ́ ìjẹ wò. Ibi tí ó le gan-an ni sùúrù, nítorí ẹ̀pìyà máa ń tọ́ ìjẹ wò díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó bá sì kánjú fa okùn yóò fa ìwọ̀ òfo. Lóòótọ́, àwọ̀n àti ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń dẹ ẹja, ń kó ẹja jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ni ó ń kọ́ apẹja ní ìwà ẹja. Òun ni ó ń jẹ́ kí ó dá ihò róbótó tí ẹ̀pìyà gbẹ́ sí etí omi mọ̀, níbi tí ẹja náà ń yé ẹyin sí.