Ìṣesí Yàtọ̀ sí Ìwà: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀dá-Ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí a máa ń bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lórí eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni pé kí wọ́n sọ irú ènìyàn tí Ẹfúnṣetán jẹ́. Ìdáhùn náà kì í sábà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí èkejì: olówó ni, agbéraga ni, ìkà ni, aláìláàánú ni. Ọmọ tí ó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ti gba máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èmi kò sọ pé irọ́ ni ìdáhùn yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣesí Ẹfúnṣetán ni ọmọ náà kà fún wa. Kò tíì kan ìwà rẹ̀. Bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, a kò ní lè ka eré náà bí ó ti yẹ kí a kà á, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní lè ṣe òdodo sí obìnrin kan tí ó gbé Ìbàdàn ní tòótọ́, tí ó sì kú síbẹ̀.

Kí ni ìṣesí? Ìṣesí ni ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́ lára ènìyàn: bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń sọ̀rọ̀, bí ó ti ń fúnni ní nǹkan, bí ó ti ń bínú. Ìwà jinlẹ̀ ju èyí lọ. Inú ọ̀rọ̀ náà “wà” ni àwọn baba wa ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, nítorí náà ìwà ẹni ni wíwà ẹni. Òun ni ohun tí ó wà nídìí gbogbo ìṣesí, tí ó ń mú un jáde. Ìṣesí lè fi ìwà hàn wá, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ìkòkò sọ irú oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣìnà.

Àwọn òǹkọ̀wé wa kò gba ọ̀nà kan náà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ó sábà máa ń jẹ́ kí orúkọ ẹ̀dá-ìtàn ti ṣe àlàyé rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó ṣe ohunkóhun. Bí a bá ti gbọ́ Ìmọ́dòye, a ti ń retí ọgbọ́n. Bí a bá ti gbọ́ Olóhùn-iyọ̀, a ti tẹ́ etí sílẹ̀ fún orin. Ìṣesí kan ni olúkúlùkù ọdẹ gbé lọ sí Òkè Lángbòdó, ìṣesí náà ni a sì fi ń dá a mọ̀. Kàkó ni akíkanjú láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń múra ìrìn-àjò náà, tí ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má fi òun sílẹ̀, Kàkó pa obìnrin náà, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di òní, akọni ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ka ìwé náà ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Kàkó pamọ́ sí ọkàn. A óò tún padà kàn án.

Ọ̀nà mìíràn ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbà nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí ó kọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970. Kò fi orúkọ parí àlàyé. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni, Aníwúrà ń sọ fún wa pé obìnrin náà ní wúrà, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣọ̀lá fi ìṣesí Ẹfúnṣetán hàn wá nínú àṣẹ tí ó ń pa, nínú èsì tí ó ń fún ẹni tí ó bá gbà á nímọ̀ràn, àti nínú ohun tí àwọn ẹrú ń sọ nígbà tí kò sí nítòsí. Ó ti ṣe òfin nínú ilé rẹ̀ pé ẹrú kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrú kankan kò sì gbọdọ̀ fún ẹrú lóyún. Nígbà tí Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ẹfúnṣetán mú òfin náà ṣẹ, ó sì pa Adétutù.

Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá kò dúró sí orí ìṣesí. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú lórí ìkúnlẹ̀, ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ sì yí padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú níbi tí ó ti fẹ́ bímọ kò lè rí oyún nínú ẹrú kí ara rẹ̀ balẹ̀. Níbi yìí ni a ti rí i pé ìbànújẹ́ ni ó gbé aṣọ ìkà wọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ “ìkà ni” rí aṣọ náà, kò rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ìdí tí Ìṣọ̀lá fún wa yìí kò ti inú òfìfo wá. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí ìwé náà sì jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ pé ní 1860 ni ọmọbìnrin Ẹfúnṣetán kú lórí ìkúnlẹ̀, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹrú bí ẹgbàá (2,000) ni a ń sọ pé ó ní ní oko nìkan, láìka àwọn ti ilé, ó sì ní àwọn balógun àti ọmọ-ogun tirẹ̀. Títí dé ibi yìí, eré àti ìtàn jọ ń rìn.

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Nínú eré, ìkà tí Ẹfúnṣetán ń ṣe ni ó mú kí Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde sí i. Látòósà wá bí olùgbàlà, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ. Nínú àkọsílẹ̀ Johnson, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, 1874, ni Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ kúrò lóyè Ìyálóde, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó sì kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ nígbà tí òun wà lójú ogun, pé kò wá fúnra rẹ̀ pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ tún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mẹ́nu kan ẹrúbìnrin kan tàbí oyún kan. Ọlá Látòósà ni gbogbo wọn dá lé. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, ọdún náà, àwọn ẹrú tirẹ̀ méjì gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́ ní ibi tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á. Ọmọ tí ó gbà tọ́ mọ̀ sí i, Ààrẹ ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òpìtàn Bọ́lánlé Awẹ́ tún ọ̀rọ̀ Ìyálóde yìí gbé yẹ̀ wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé Ìbàdàn ni ó ní kí a wò, kì í ṣe ìwà ìkà nìkan.

Àwọn kan yóò wí pé eré kì í ṣe ìwé ìtàn, àti pé òǹkọ̀wé ní àyè láti tún ìtàn tò bí ó bá ti wù ú. Òótọ́ ni, èmi kò sì bá Ìṣọ̀lá jà nítorí èyí. Bí ó bá fi ikú òru náà sílẹ̀ bí ó ti rí, kò ní rí òpin tí yóò fi hàn pé Ẹfúnṣetán kò gbà kí ẹnikẹ́ni borí òun. Ṣùgbọ́n àyè tí òǹkọ̀wé ní, olùkọ́ kò ní in. Bí olùkọ́ bá fi ẹjọ́ tí Látòósà inú eré dá kọ́ni bí ẹni pé òun ni ìwà obìnrin náà, ó ti ṣe ohun tí àwọn àgbà kìlọ̀ fún wa: àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Kàkó. Kàkó pa aya rẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹfúnṣetán pa ẹrú rẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ju pé ó lóyún lọ. Ìṣesí kan náà ni: ìbínú àti ọwọ́ líle sí ẹni tí kò lágbára. Èkíní di akíkanjú lẹ́nu wa, èkejì di òṣìkà. Kò sí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí nínú ìṣe wọn. Inú ojú àwa tí a ń wò wọ́n ni ó ti wá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka ìṣesí ẹni, ó yẹ kí a mọ̀ pé a ń ka ara wa pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ ohun tí mo ń sọ ni pé Ẹfúnṣetán kò jẹ̀bi? Rárá o. Àwọn kan ti fẹ́ gba Ẹfúnṣetán sílẹ̀ nípa gbígbàgbé àwọn ẹrú rẹ̀, èyí kò sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níhìn-ín gan-an ni Ìṣọ̀lá ti ṣe ohun ńlá tí a kì í sábà yìn ín fún. Johnson kò dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹrúbìnrin tí ó jìyà náà. “Àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀” nìkan ni wọ́n jẹ́. Ìṣọ̀lá fún ọ̀kan lórúkọ, ó fún un ní ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fún un ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀ kí ó tó kú. Nípa Adétutù, àwa òǹkàwé mọ ohun tí ìṣesí Ẹfúnṣetán já sí lára ẹni tí ó ń gbà á.

Adétutù yìí kan náà ni ó jẹ́ kí a lè dáhùn ìbéèrè nípa ìwà. Ẹ wo bí Ẹfúnṣetán ti ṣe sí oríṣi ènìyàn méjì. Nígbà tí Látòósà yọ ọ́ lóyè, Johnson sọ pé ó san owó ìtanràn, ó sì fi ẹ̀bùn bẹ àwọn ìjòyè kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Obìnrin tí ó mọ ẹ̀bẹ̀ ni, tí ó mọ sùúrù, tí ó sì mọ bí a ti ń fi ọgbọ́n gbé níwájú ẹni tí agbára rẹ̀ ju tiwa lọ. Nínú ilé, níwájú ẹni tí kò lè pè é lẹ́jọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí sùúrù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹfúnṣetán ríran dáadáa nígbà tí ó ń sunkún ọmọ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí òun lè gbé ẹkún náà lé lórí. Ibẹ̀ ni ìwà wà. Kì í ṣe inú ìbínú, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń bínú; kì í sì í ṣe inú ìbànújẹ́, nítorí a kì í yan ìyẹn. Inú ohun tí a ń ṣe níbi tí kò sí ẹni tí yóò bi wá léèrè ni ìwà ti ń jáde.

Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn Látòósà. Ní gbangba, ó ka ẹ̀sùn mẹ́ta sílẹ̀, ó yọ Ìyálóde bí òfin. Ní òru, ó jẹ́ kí ẹrú gun àjà. Bí a bá fi ìṣesí gbangba dá ẹjọ́ rẹ̀, olórí ìlú tí ó ń tọ́jú ètò ni. Bí a bá fi ti òru kún un, a óò rí i pé òun àti Ẹfúnṣetán kò jìnnà sí ara wọn tó bí eré náà ti fi hàn.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró sí orí orúkọ mẹ́rin tí mo kà níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sọ ìṣesí ẹ̀dá-ìtàn, ẹ bi í léèrè ibi tí ìṣesí náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í ta ni ó ń bọ́ sí lára àti ta ni kò bọ́ sí lára, ẹ sì bi í ẹnu ta ni a ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí yóò wúlò fún un lórí Ẹfúnṣetán, lórí Kàkó, àti lórí Látòósà. Yóò sì tún wúlò fún un lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí ó bá di ọ̀gá fún ẹlòmíràn, tí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì lè fèsì.