Ta Ni Yóò Tún Ògiri Kùn? Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Ìbílẹ̀ Lára Ilé Ajé

Ìsọ̀ kan lè wà lẹ́bàá títì pẹ̀lú àwọ̀ amọ̀ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti kùn ún lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i. Ohun tí ojú ń rí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyí. Nítorí náà, bí olówò kan bá dé Adakplamè ní ilẹ̀ Kétu, tó ní òun kò fẹ́ kọ orúkọ nìkan, pé oníṣọ̀nà ìbílẹ̀ ni òun fẹ́ kí ó ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ilé ìtajà òun, ọ̀pọ̀ ni yóò kà á sí ìgbéga. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni lámèyítọ́ yóò wò kí ó tó gbóríyìn fún un? Èrò wa ni pé ẹwà àwòrán nìkan kò tó. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tún ògiri náà kùn ni a gbọ́dọ̀ béèrè.

Àṣà wa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa ní ìbéèrè yìí. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń ya àwòrán sára ògiri, ní funfun, pupa àti dúdú. Bí ọdún òrìṣà bá ti ń súnmọ́lé, wọ́n á tún un kùn. Àwòrán èṣí á wọlẹ̀ sábẹ́ ti ọdún yìí, kò sì sẹ́ni tí yóò sunkún rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó yà á ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò sì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń pẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà, bí kò ṣe àṣẹ àti ojúṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo iṣẹ́ tí ilé ajé gbé fún oníṣọ̀nà. Àpẹẹrẹ kan tó gbayì ni ti Adébísí Àkànjí ní Òṣogbo. Bíríkìlà ni kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní àwọn ọdún 1960, ó fi irin àti sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ògiri onílààlà sí ilé epo Esso ní ìlú náà. Atẹ́gùn ń gba àárín ère kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á wọlé, ẹni tó wá ra bẹntiróòlù sì ń wo iṣẹ́ ọnà láìsanwó. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní 1976 ìjọba Nàìjíríà gba ilé-iṣẹ́ náà, ó di Unipetrol. Ní 2003 ó di Oando. Orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ síta kò pẹ́ tó sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ Àkànjí kan náà bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ìyàtọ̀ ibi méjèèjì kò sí nínú ọgbọ́n ọwọ́. Igbó ní ọlọ́dún tó ń padà wá lọ́dọọdún. Ilé epo ní oníbàárà.

Ní Kútọnu, ògiri èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boulevard de la Marina ti di àwòrán tó gùn tó nǹkan bí 940 mítà, láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán àjọ̀dún Effet Graff tí Laurenson Djihouessi, tí a mọ̀ sí Mr Stone, dá sílẹ̀. Ó wú ni lórí pé ògiri tó ń ṣọ́ ẹrù oníṣòwò wá ń sọ ìtàn orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, àwòrán tí a ń wò láti inú ọkọ̀ tó ń sáré gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojú tètè mọ̀, àmì ló sì máa ń dà. Ewu tó wà fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde iyì rẹ̀ ní 2001, nìyẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe orí tí a gbẹ́ nìkan: aṣọ, ìlù, orin, ijó àti ìbọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wà níbẹ̀. Bí a bá yọ orí nìkan lẹ́ mọ́ ògiri, a ti sọ ọ́ di àmì ọjà.

Ẹnìkan lè ní oníṣọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹun, àti pé ilé ìtajà kì í ṣe ojúbọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo 5Pointz ní New York. Ní 2013, onílé fi ọ̀dà funfun pa àwòrán ibẹ̀ rẹ́ lóru. Ní 2018, adájọ́ ní kí ó san mílíọ̀nù 6.7 dọ́là fún ayàwòrán 21. Owó dé, àwòrán kò padà. Bẹ̀nẹ̀ náà ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, òfin 2005-30, tí wọ́n kéde ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lẹ́yìn ìparun kò tó àdéhùn ṣáájú iṣẹ́.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ Adakplamè kankan tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, kí ó kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé: ẹni tó yan àwòrán, orúkọ ta ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀, àti lẹ́yìn òjò ọdún mélòó ni wọn yóò pe òun padà wá tún un kùn, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Olówò tó bá gba ẹ̀kẹta ti fi hàn pé ògiri lòun fẹ́ fún ìlú. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, ìpolówó ọjà ló wá rà, kí ó sì san owó ìpolówó.