Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Ọ̀gá Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe fàájì eré sísá ní láti yan ọ̀kan: pápá ọlọ́dà tó ń dán, tàbí ráálì inú eruku àti kòtò. Ti pápá ń fẹ́ ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ àti bíréèkì tí kì í tètè gbóná. Ti ráálì ń fẹ́ ọkọ̀ tó ga, tí abẹ́ rẹ̀ le.

Ní Okokomaiko ní Èkó, ọ̀nà ti bá wa yàn. Láti 2009 tí àtúnṣe márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ti bẹ̀rẹ̀, kòtò ti sọ àwọn mẹkáníìkì wa di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́: wọn á tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọn á jọ̀ọ́ lọ́wọ́, bó bá ń mì lámìjù, ṣọ́kì ti kú nìyẹn. Wọn á wọ abẹ́ rẹ̀, wọn á fi irin gbún búṣì wò.

Ọgbọ́n tí ráálì ń béèrè gan-an nìyí. Ráálì le púpọ̀ fún ọkọ̀: ní 1972, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí ráálì Bandama ní Côte d'Ivoire. Ráálì lèmi máa yàn, torí ẹni tó mọ abẹ́ ọkọ̀ kò jìnnà sí wa.